Ẹsẹ̀ Nìkan Kì í Gbéni Dé Ibi Eré Ẹlẹ́mìí Ẹṣin

Ní Manigri, ní ilẹ̀ Benin, ẹsẹ̀ kò wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti wà lójú ọ̀nà, àwọn ìyá ti gbé igbá karí, àwọn àgbẹ̀ ti ń lọ sóko iṣu àti oko kajú. Bákan náà ló rí ní Bassila, níbi tí Aníì, Nàgó, Kọ̀tọ̀kọ́lì, Lọ̀kpá àti Fúlàní jọ ń gbé. Ẹni tó ń rìn lọ sóko lójoojúmọ́, tó tún ru ẹrù bọ̀ lálẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìfaradà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dárúkọ máratọ́ọ̀nù, eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, létí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni àwọn ará Kẹ́ńyà tí wọ́n ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í rò ó pé àwọn náà lè wà níbẹ̀.

Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn á rò pé jíjìn rẹ̀ ni ìṣòro. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń fẹ́ káàdì báńkì. Dókítà ní láti yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wò. Bàtà ń bẹ láti rà, owó ọkọ̀ ń bẹ láti san, ibi tí èèyàn yóò sùn ń bẹ láti wá, nọ́ńbà àyà sì wà tí wọn kì í sábà fún èèyàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, àfi kó ti lọ gbà á ṣáájú. Òṣìṣẹ́ báńkì ní Cotonou lè fi fóònù rẹ̀ parí ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí nígbà tó bá ń jẹun ọ̀sán. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi zémijàn (ọ̀kadà) jẹun ní Bassila kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Kò sí ẹni tó ti lọ rí nínú àwọn tó mọ̀ ni. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ibi tí ẹgbẹ́ eré bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ tálákà máa ń rí ọ̀nà wọ máratọ́ọ̀nù. Ibi tí kò bá sí, olówó àti ẹni tó fi eré ṣiṣẹ́ ṣe ni wọ́n sábà máa ń rí ibẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká wo eré Èkó, torí ó wà ní àrọ́wọ́tó wa. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a. Wọ́n gbéra ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè, wọ́n gba orí Afárá Third Mainland tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Eko Atlantic létí òkun. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìíní lọ́dún náà, òun náà ló tún gbà á ní 2017. Láti ìgbà náà, oṣù Kejì ni wọ́n máa ń sá a, àjọ eré ìje àgbáyé, World Athletics, sì ti kà á mọ́ àwọn eré ojú títì tó ń fún ní àmì ìdánilójú. Ìwé ìròyìn máa ń kọ̀wé nípa ẹni tó ṣe ipò kìíní títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi a máa wá àwọn tó dé lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, mẹ́fà: olùkọ́, télọ̀, ìyá àgbà tó so gèlè mọ́rí. Àwọn ló ni eré náà lójú tèmi, torí kò sí owó kan tó ń dúró dè wọ́n níbi ìparí.

Láti Manigri, ọ̀nà Èkó kò ṣòroó tò. Títì ńlá tó gba ìlú kọjá náà ni, ó gba Bantè àti Savalou dé Dassa, ó já sí Bohicon, ó dé Cotonou, lẹ́yìn náà Sèmè-Kraké àti Àgbádárìgì. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ti pé. Ará Manigri tún ní ohun kan tí ará Kẹ́ńyà kò ní: bó bá dé Sùúrùlérè, kò ní wá ògbufọ̀. Nàgó tirẹ̀ àti Yorùbá Èkó kò dún bákan náà, ṣùgbọ́n yóò béèrè ọ̀nà, wọn yóò sì dá a lóhùn. Ohun tó kù ni pé kí ẹnì kan ti mọ ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀, kó mọ ilé tí wọ́n lè sùn, kó mọ ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà, kó sì lè sọ fún un pé ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ìtàn tó ye mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti Harlem wá, ní New York. Lọ́dún 1936, àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́ta, Joe Yancey, Bob Douglas àti William Culbreath, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní New York Pioneer Club. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ní Amẹ́ríkà ni kì í gba dúdú. Yancey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wọn rí ibi tí wọ́n á ti sáré, kí wọ́n sì kàwé pẹ̀lú. Ní 1942 wọ́n ṣe ohun tí èmi kà sí iṣẹ́ akin: wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún gbogbo èèyàn láìwo àwọ̀. Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ni kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ aláwọ̀ funfun tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò kà sí asáré gidi wá bá wọn níbẹ̀.

Inú ẹgbẹ́ yìí ni Ted Corbitt wọ̀ ní 1947. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní South Carolina, ọmọ-ọmọ ẹrú ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni títọ́jú iṣan àti eegun àwọn aláìsàn, a sì máa fi ẹsẹ̀ sáré lọ síbi iṣẹ́. Ní 1952 ó lọ sí Òlíńpíìkì ní Helsinki, ó di Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó sáré máratọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ipò 44 ló ṣe. Bó bá jẹ́ ipò nìkan là ń wò, à bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1958, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di New York Road Runners lónìí sílẹ̀, Corbitt ni ààrẹ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Pioneer Club. Ẹgbẹ́ náà ló ṣe máratọ́ọ̀nù New York àkọ́kọ́ ní 1970. Dọ́là kan ni owó ìforúkọsílẹ̀. Àwọn 127 ló bẹ̀rẹ̀, 55 ló parí. Lónìí, èèyàn tó ju 50,000 lọ ló ń parí rẹ̀ lọ́dún kan. Láti Harlem, níbi tí wọn kò ti rí ẹni gbà wọ́n, ni gbòǹgbò ọ̀kan nínú àwọn eré tó tóbi jù láyé ti hù.

Iṣẹ́ Corbitt kan tún wà tó wúlò fún wa ní tààrà. Òun ló kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ wọn ọ̀nà eré. Ní 1964 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀ kan tó tẹ́jú, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tí táyà yí po. Lẹ́yìn náà, ẹ gun kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀n, kí ẹ máa ka yíyí táyà. Wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn kún táyà láàárín méjèèjì, torí táyà tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á ba òǹkà jẹ́. Ìdí tí mo fi dúró lórí èyí ni pé ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ iye tó sáré lónìí. Aago olówó ńlá ló ń sọ ọ́ fún àwọn ará ìlú ńlá. Ní Manigri, kẹ̀kẹ́ kan, ọ̀dà funfun díẹ̀ lára igi tàbí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà oko, àti ọmọ ilé-ìwé kan tó mọ ìṣirò dáadáa ti tó. Ọ̀nà oko ni mo wí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi títì ńlá dánra wò, nítorí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Djougou àti òkè lọ́hùn-ún kì í dúró de ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn.

Gúúsù Áfíríkà fi ojú mìíràn hàn wá. Láti 1921 ni wọ́n ti ń sá eré tí wọ́n ń pè ní Comrades láàárín Durban àti Pietermaritzburg, nǹkan bíi kìlómítà 90. Fún ọdún 54, ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń kà sí asáré níbẹ̀. Robert Mtshali, aláwọ̀ dúdú, sá a parí ní 1935, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó di 1975 ni wọ́n tó gba dúdú àti obìnrin wọlé ní gbangba, ní 1989 ni Sam Tshabalala sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí. Lóde òní, òfin wọn ni pé ọmọ ilẹ̀ náà tó bá fẹ́ sáré Comrades gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré kan tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan lè kà á sí ìnira. Èmi rí i pé ó so aṣọ́nà, olùkọ́ àti lọ́yà pọ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ ni ó sì ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú omi fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ti Los Angeles ló jọ èyí tí mo ń fẹ́ fún Bassila jù. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Harry Shabazian, ní àdúgbò Boyle Heights, kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí máratọ́ọ̀nù ìlú náà. Kì í ṣe àwọn tó mọ eré sá ló ṣà. Àwọn tí ilé-ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìrètí nù lórí wọn ni. Lára èyí ni Students Run LA ti jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló sì ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Àwọn olùkọ́ ló ń bá wọn sáré láìgba owó. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré kékeré. Wọ́n á tẹ̀ síwájú sí kìlómítà 10, wọ́n á dé ìdajì máratọ́ọ̀nù, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà wọ́n á bọ́ sójú eré gan-an. Ẹgbẹ́ ló ń wá bàtà, ẹgbẹ́ ló ń san owó ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ni pé kó máa wá síbi ìdánrawò, kó má pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì.

Oṣù mẹ́fà náà kì í ṣe àṣejù. Ara èèyàn a máa fi ìwọ̀n ṣúgà kan pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ asáré a sì máa tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Ẹni tí kò bá ti kọ́ ara rẹ̀ láti sáré pẹ́, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wúwo bí òkúta. Òun ló fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n máa ń sáré èyí tó gùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹni méjì lè máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Bí ẹnu kò bá lè sọ̀rọ̀, eré ti yá jù. Àwọn eré tó kù lọ́sẹ̀ náà á kúrú.

Bí ẹgbẹ́ bá ń fojú sí eré oṣù Kejì ní Èkó, oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà náà, ilẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà ni ìkórè yóò dé, ó sì yẹ kí olórí ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọmọ tó bá wu iṣu láti àárọ̀ ti ṣiṣẹ́ ara tó. Kó jẹ́ kó sinmi. Ọyẹ́ yóò mú òwúrọ̀ tutù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ìgbà tó dára jù nìyẹn láti sáré gígùn, bí eruku kò bá pọ̀ jù fún ẹni tó ní ìṣòro èémí. Ọ̀rọ̀ Ààwẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa ní Manigri àti Bassila, Ramadan sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 súnwá sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2027, nínú oṣù Kejì gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ẹgbẹ́ kankan rán ẹni tó ń gbààwẹ̀ lọ sáré kìlómítà 42 nínú oòrùn Èkó. Nírú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹ wá eré mìíràn tó bọ́ sí àsìkò mìíràn, tàbí kí ẹ ṣe tiyín nílé.

Omi pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé òùngbẹ léwu, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní 2005, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, New England Journal of Medicine, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára asáré 488 ní Boston. Ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, pàápàá àwọn tó mu omi títí ara wọn fi wúwo ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ, àti àwọn tó lò ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn tó ń sáré fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí òùngbẹ gbẹ wọ́n kí wọ́n tó mu, kí iyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í hàn lára nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà. Láti ẹnu ẹni tó ti ṣáájú ni èèyàn ti ń gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn obìnrin, torí àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ bí a kò bá ṣọ́ra. Ní Boston, ní 1966, Bobbi Gibb sá pamọ́ sínú igbó títí eré fi bẹ̀rẹ̀ kó tó lè sáré, torí wọ́n ti sọ fún un pé ara obìnrin kò lè gbé e. Ìgbà tó di 1972 ni wọ́n tó gba obìnrin níbẹ̀, Òlíńpíìkì sì dúró di 1984 kí wọ́n tó fi máratọ́ọ̀nù obìnrin sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ wo Noélie Yarigo, ọmọ ẹkùn Atacora, ní òkè ẹkùn Donga tiwa yìí. Ní 2024, nínú ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní Glasgow, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú eré mítà 800, ó ti lé lẹ́ni ọdún 38 nígbà náà. Òun kì í ṣe asáré máratọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò sí bàbá kan ní Bassila tó tún lè sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé eré kì í ṣe ti obìnrin apá òkè. Kí ẹgbẹ́ yan àkókò tí àwọn ìyá lè rí ààyè, kí àwọn obìnrin jọ máa lọ papọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìbòrí sáré fi ìbòrí sáré. Bí olórí wọn bá jẹ́ obìnrin, ọ̀pọ̀ ọkọ àti bàbá yóò gbà kíákíá.

Owó kì í ṣe ohun tó yẹ kó dá wa dúró tó bẹ́ẹ̀. A mọ àáró, a mọ òwè, a mọ àjọ. Ìyá tó ń ta gaàrí lọ́jà Manigri mọ bí wọ́n ti ń fi faransì díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ́ ilé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ ogún máa dá àjọ láti oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n fi owó náà rán mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ sí eré lọ́dún àkọ́kọ́, kí àwọn tó lọ padà wá kọ́ àwọn tó kù. Lọ́dún kejì, àwọn mìíràn ni yóò lọ. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún fi owó ẹgbẹ́ lọ títí yóò fi kan gbogbo èèyàn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ẹni tó yára jù ló yẹ kí wọ́n máa rán. Ó burú jáì. Bí ẹgbẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gba owó ẹ̀bùn wá sílé, ó ti di nǹkan mìíràn, àwọn tó nílò rẹ̀ jù yóò sì fi í sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ nílò Èkó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2004, asáré 13 pàdé nínú ọgbà Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n sá kìlómítà márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan di aago mú, ó kọ àsìkò ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Paul Sinton-Hewitt ló pè wọ́n jọ. Ohun tó di parkrun nìyẹn, tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kò sì tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ asáré kankan títí di òní.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Bassila, ẹ̀yin tí ẹ ní fèrè àti aago lọ́wọ́, kí ẹ yan òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó bá wá sílẹ̀. Mo bẹ ọ́fíìsì mérì kí wọ́n bá wa dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí kan lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ilé ìwòsàn Bassila sì bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò kí wọ́n tó sáré jìnnà. Ẹ̀yin ọmọ Manigri tí ẹ wà ní Cotonou, Parakou àti Èkó, a kò béèrè owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ fún àlejò mẹ́rin ní alẹ́ méjì nínú oṣù Kejì, kí ẹ sì bá wọn fi káàdì yín forúkọ sílẹ̀. Ẹ máa mú bàtà tí ẹ kò lò mọ́ bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣọdún.